Baba ńlá wa tó jẹ́ ọ́fíísà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ní ayé Queen Victoria: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa rẹ̀?

Ọmọlará

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́nà. Baba ńlá ìyá mi, òyìnbó ará Kent, jẹ́ ọ́fíísà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ ẹbí. Àkọ́kọ́ ni àkọlé orí ibojì rẹ̀, tó kà báyìí: “late Captain, H.M. 57th Regt.”, ìyẹn ẹni tó ti ṣe Captain rí nínú rẹ́jímẹ́ǹtì (ẹgbẹ́ ọmọ ogun) kẹtàdínlọ́gọ́ta. Èkejì ni mẹ́dàlì ogun Crimea, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì bá Rọ́ṣíà jà, tí ọ̀pá fàdákà méjì wà lára rìbọ́n rẹ̀, Inkermann àti Sebastopol, àmọ́ tí kò sí orúkọ kankan létí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fọ́tò kan. Orúkọ bàbá yìí wọ́pọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo wá a nínú WO 97, ọ̀kan nínú àkójọ ìwé War Office (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọmọ ogun), lórí ìkànnì ìtàn ìdílé kan tí à ń sanwó fún, ọkùnrin mẹ́rin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló jáde, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní 57th. Ṣé òun nìyẹn? Níbo sì ni fáìlì rẹ̀ wà?

BàbáAtọ́ka

Ọmọ mi, kì í ṣe òun. WO 97 jẹ́ ìwé ìfẹ̀yìntì àwọn ṣọ́jà tí kì í ṣe ọ́fíísà. Ọ́fíísà kò ní ìwé níbẹ̀, àfi èyí tó ti ṣe ṣọ́jà lásán rí kí wọ́n tó fi í joyè, irú wọn kò sì pọ̀ rárá ní ayé ìgbà yẹn. Yọ ọkùnrin yẹn kúrò nínú ìwé rẹ kó tó di baba ńlá tí kì í ṣe tìrẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyẹn.

Ní ti fáìlì, kò sí. Ọ́fíísà tó ṣiṣẹ́ láàárín 1800 sí 1870 kò ní fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ fọ́n ká sí ọ̀nà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ní National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew ní London, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì tò ní ti ọjọ́ àti rẹ́jímẹ́ǹtì, kì í ṣe ní ti orúkọ. Ẹni tó bá dé Kew pẹ̀lú orúkọ nìkan yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá mú ọjọ́ tí wọ́n fi bàbá rẹ̀ joyè dání, ilẹ̀kùn á máa ṣí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọjọ́ oyè ni kó o kọ́kọ́ wá.

Ilé lo ti máa wá a, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ sí ìkànnì National Library of Scotland, kó o ṣí Army List, ìwé orúkọ àwọn ọ́fíísà. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀ tó kàn ọ́. Ọ̀kan ni ti ìjọba. Èkejì ni èyí tí ọ́fíísà kan tó ń jẹ́ Hart bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1839, tó ń bá a lọ títí dé 1915. Ti Hart ni kó o mú, nítorí ó sọ ogun tí olúkúlùkù jà. Ti ìjọba kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Mú ti 1856. Wo atọ́ka orúkọ lẹ́yìn ìwé, kó o sì ṣí ojú ìwé 57th. Lókè ni wàá ti rí nọ́ńbà rẹ́jímẹ́ǹtì, West Middlesex, àti orúkọ àwọn ogun tí wọ́n jà tí wọ́n sì fi yangàn; Albuhera, ti 1811, wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn ọ́fíísà tò láti orí Colonel, Major, Captain, Lieutenant, dé orí Ensign, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. Lápá òsì orúkọ ni iye ọdún tí ó ti lò wà, wọ́n pín in sí méjì: ọdún tó fi gba owó oṣù pípé, àti ọdún tó fi gba ààbọ̀ owó oṣù, èyí tí ọ́fíísà ń gbà nígbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Lápá ọ̀tún ni ọjọ́ tó di Ensign, ọjọ́ tó di Lieutenant, ọjọ́ tó di Captain. Bí lẹ́tà P kékeré bá ṣáájú ọjọ́ kan, owó ló fi ra oyè yẹn. Bí nọ́ńbà kékeré bá sì wà létí orúkọ rẹ̀, sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ogun tó jà.

Máa ṣí i lọ́dọọdún, síwájú àti sẹ́yìn, títí wàá fi mọ ọdún tó kọ́kọ́ yọjú àti ọdún tí orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́. Kọ ọdún méjèèjì sílẹ̀ kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Dékúnlé_Kew

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ìwé Hart máa ń kásẹ̀ lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ti oṣù Kìíní 1856 jẹ́ àwòrán bí nǹkan ṣe rí ní ìparí 1855. Ẹni tó wọlé tó sì jáde láàárín oṣù mẹ́fà lè má hàn níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rò pé èèyàn yín bọ́ sí àárín, ẹ wo Army List ti oṣooṣù, tí ìjọba ń tẹ̀ láti 1798.

Àwọn ọ̀gágun ọjọ́ orí kan náà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà wà nínú ìwé yẹn rẹpẹtẹ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ, ọjọ́ oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ fi dá a mọ̀. Bí ó bá ṣí kúrò ní rẹ́jímẹ́ǹtì kan lọ sí òmíràn, ọjọ́ tó di Lieutenant á bá a lọ, kò ní í yí padà.

ÌdíÌwé

Lẹ́yìn Hart, London Gazette, ìwé ìkéde ìjọba, ló kàn, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni. Gbogbo oyè ọ́fíísà ni wọ́n ń kéde níbẹ̀ lábẹ́ àkọlé War Office. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ rèé: nọ́ńbà rẹ́jímẹ́ǹtì, orúkọ, “to be Lieutenant”, lẹ́yìn náà “by purchase” tàbí “without purchase”, lẹ́yìn náà “vice” pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá èèyàn yín, ẹ má fò “vice” yẹn. Ẹni tí èèyàn yín gba ipò rẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n bá sì kọ lẹ́yìn orúkọ onítọ̀hún, bóyá “who retires”, “promoted”, “deceased” tàbí “killed in action”, òun ló ń sọ ìdí tí àyè fi ṣí.

Ìdí náà ṣe pàtàkì nítorí owó. Bí ọ́fíísà bá fẹ̀yìn tì, ó ń ta oyè rẹ̀ ni, ẹni tó tẹ̀ lé e sì ní láti rà á. Bí ó bá kú, oyè náà kò ṣeé tà. Ẹni tó ga jù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi ń yára gòkè lákòókò ogun Crimea láìná kọ́bọ̀.

Iye tí ìjọba fọwọ́ sí láti 1821 nínú rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ lásán nìyí: Ensign £450, Lieutenant £700, Captain £1,800, Major £3,200, Lieutenant-Colonel £4,500. Ẹni tó bá ń gòkè, ìyàtọ̀ nìkan ló ń san. Láti Lieutenant dé Captain, £1,100 ni. Nínú àwọn ẹlẹ́ṣin ó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: Cornet, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Ensign lọ́dọ̀ wọn, £840. Artillery àti Engineers kò sí nínú rírà yìí rárá. Ilé ẹ̀kọ́ Woolwich ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹni tó pẹ́ jù ló sì ń gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì mọ̀ pé owó tí wọ́n ń san lábẹ́lẹ̀ máa ń ju iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ lọ. Àṣẹ Queen Victoria (Royal Warrant) ló fi òpin sí oyè rírà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1871.

Àléébù ìkànnì Gazette ni pé kọ̀ǹpútà ló ka àwọn lẹ́tà àtijọ́ náà, kò sì kà á dáadáa. “57th” lè di “67th” tàbí “5?th”. Orúkọ lè gé sí méjì níbi tí ìlà parí. Bí orúkọ kò bá jáde, ẹ má sọ pé kò sí. Ẹ fi ọjọ́ ààlà sí i, oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí Hart kọ àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá “War Office” nìkan, kí ẹ sì fi ojú ara yín ka àwọn ojú ìwé tó bá jáde.

Ọmọlará

Bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo rí i! Ó kọ́kọ́ yọjú nínú ìwé 1853. Ensign, oṣù Kẹta 1852, P wà níwájú rẹ̀. Lieutenant, 6 oṣù Kọkànlá 1854, kò sí P. Captain, 1858, P wà. Àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé sọ pé ó jà ní Inkerman àti ní ìsàgatì Sebastopol. Ó wà nínú ìwé 1866, kò sí nínú ti 1867. Gazette 1866 ní ẹlòmíràn di Captain “by purchase” dípò rẹ̀, “who retires”.

Ìbéèrè mi kù méjì. Kí ló dé tí Gazette fi kéde oyè Lieutenant rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1854, tí Hart sì kọ 6 oṣù Kọkànlá? Èkejì, ẹnì kan níbòmíràn ní kí n wá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nínú PMG 4 àti ìwé opó rẹ̀ nínú WO 42. Ṣé kí n lọ síbẹ̀?

BàbáAtọ́ka

Wo ọjọ́ náà dáadáa, ọmọ mi. Ogun Inkerman jà ní 5 oṣù Kọkànlá 1854. Ọjọ́ kejì ni oyè bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan kú lójú ogun lọ́jọ́ Sunday yẹn, bàbá rẹ sì gba àyè rẹ̀. Ìròyìn ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi dé London kí Gazette tó lè tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dá ọjọ́ oyè padà sẹ́yìn. Ọjọ́ méjì ni kó o máa kọ fún oyè kọ̀ọ̀kan láti ìsinsìnyí lọ: ọjọ́ tí oyè bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí Gazette kéde. Tún padà sínú Gazette náà kó o wo orúkọ tó wà lẹ́yìn “vice”. Ó yẹ kí ìdílé yín mọ ẹni tó kú kí bàbá yín tó di Lieutenant.

Ní ti PMG 4 àti WO 42, má lọ. Bàbá rẹ ta oyè rẹ̀ ni. Ẹni tó bá tà á ti gba owó tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò ní ààbọ̀ owó oṣù, opó rẹ̀ kò sì lè béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba. “Late Captain” tí wọ́n kọ sórí ibojì bá a mu wẹ́kú. Ká ní ó wà lórí ààbọ̀ owó oṣù ni, orúkọ rẹ̀ á ṣì máa wà nínú Army List, PMG 4 á sì sọ ibi tó ń gbé àti ọjọ́ tó kú. WO 42 sì dára púpọ̀ fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, láti 1755 dé 1908. Àmọ́ tìrẹ kọ́ nìyẹn.

Dékúnlé_Kew

Bàbá ti sọ ọ́ tán. WO 25 náà ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà lọ́nà yìí. Wọ́n gbọ́ pé ìwé ìtàn iṣẹ́ ọ́fíísà wà níbẹ̀, wọ́n sáré lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni War Office ní kí àwọn ọ́fíísà kọ ìtàn iṣẹ́ wọn: 1809 sí 1810; 1828, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì; 1829, àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́; 1847, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì; àti 1870 sí 1872. Ti 1828 ló dùn jù nítorí ó sọ ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Ẹ gbé 1852 sí 1866 lé e lórí, ẹ ó rí i pé Captain yìí gba àárín méjì kọjá. Kò lè sí nínú ọ̀kankan.

WO 76 ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn ìwé tí rẹ́jímẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ń tọ́jú nípa àwọn ọ́fíísà rẹ̀. Níbi tó bá wà, ó máa ń ní ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n ti bí i, aya, ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ́jímẹ́ǹtì ni ìwé tirẹ̀ yè. Ẹ tẹ “WO 76” àti “57” papọ̀ sínú Discovery, ìyẹn káńtálọ́ọ̀gù Kew, kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀ ojú irin.

ÌdíÌwé

WO 31 gan-an ni oúnjẹ inú àwo yìí. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Láti 1793 dé 1870, gbogbo lẹ́tà tí ènìyàn kọ sí olórí àwọn ọmọ ogun láti tọrọ oyè, tàbí láti rà á, tàbí láti tà á, wọ́n dì í ní ìdì ìdì, oṣù dé oṣù, wọ́n sì fi pamọ́. Kò sí atọ́ka orúkọ. Oṣù nìkan ni káńtálọ́ọ̀gù máa fi hàn yín. Nítorí èyí ni Bàbá fi ń pariwo ọjọ́.

Fún Ọmọlará, oṣù Kẹta 1852 ló kọ́kọ́ kàn, torí lẹ́tà ìtọrọ oyè Ensign ló máa ń ní ọ̀rọ̀ ìdílé nínú. Bàbá ọmọ náà ló sábà máa ń kọ ọ́, tàbí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó, tàbí ọ̀gágun àgbà kan tó mọ ìdílé wọn. Wọ́n á sọ ọjọ́ orí ọmọ, ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe fún ìjọba. Nígbà mìíràn ìwé ìrìbọmi wà láàárín. Lẹ́tà kékeré mìíràn á tẹ̀ lé e láti ọ̀dọ̀ aṣojú owó rẹ́jímẹ́ǹtì, irú Cox & Co., tó ń jẹ́rìí pé £450 ti wà nílẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é: ẹ gba káàdì òǹkàwé. Ìwé ẹ̀rí méjì ni wọ́n ń béèrè, ọ̀kan fún orúkọ, ọ̀kan fún àdírẹ́sì. Ẹ béèrè fún ìdì náà láti ilé ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ. Pẹ́ńsùlù nìkan ni kẹ́ ẹ mú wọlé, bírò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ mú fóònù tàbí kámẹ́rà, fọ́tò yíyà kò lówó.

Nígbà tí ìdì náà bá dé, ẹ ó bá ìwé nínípọn tí wọ́n fi okùn funfun so. Ẹ má ṣe tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ká sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti 1852, eruku dúdú wà ní ojú ibi tó ká. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi òkúta aláwọ tí wọ́n fún yín tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ yà á, ẹ ká a padà bó ṣe wà, ẹ fi sí ipò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú èyí tó kàn. Bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ bá dàrú, kò sí ẹni tó máa lè tún un ṣe, torí kò sí nọ́ńbà lára ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni akọ̀wé máa ń kọ̀wé sí: orúkọ ẹni tó ń tọrọ, ọjọ́ tí lẹ́tà dé, ìdáhùn tí wọ́n fún un. Ibẹ̀ ni orúkọ hàn kedere jù, nítorí ìwé ọwọ́ inú lẹ́tà lè le débi pé ẹ ó ka ìlà mẹ́ta kí ẹ tó mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Àbíkẹ́_M

Ẹ jọ̀wọ́, mo ya wọlé díẹ̀. Tèmi jẹ́ Major ní Madras, ní India, ní nǹkan bí 1840, ìdílé ní ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ni. Hart kò ní i, Gazette kò ní i. Kí ni mo ṣì ṣe?

Dékúnlé_Kew

Kò jọ pé ẹ ṣì ohunkóhun, Àǹtí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìjọba kọ́ ló gbà á síṣẹ́. East India Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso India nígbà yẹn, ní ọmọ ogun tirẹ̀ ní Bengal, Madras àti Bombay, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Addiscombe láti 1809 dé 1861. Nínú ogun Company wọn kì í ra oyè. Ìwé wọn kò sí ní Kew, British Library ní London ló wà, nínú àkójọ India Office. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti L/MIL/9, ìwé ìgbàwọlé àwọn kàdẹ́ẹ̀tì láti 1789 dé 1860. Ìwé ìrìbọmi wà nínú rẹ̀. L/MIL/10 ló ní ìtàn iṣẹ́. Ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Madras wà ní N/2. Bengal jẹ́ N/1, Bombay jẹ́ N/3. Findmypast, ìkànnì ìtàn ìdílé kan, ti ya fọ́tò púpọ̀ nínú wọn.

Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ kó yé yín. Madras ni wọ́n bí Lugard sí ní 1858, torí àlùfáà ni bàbá rẹ̀ níbẹ̀. N/2 ni ẹni tó ń wá ìbí rẹ̀ yóò lọ. Àmọ́ ọmọ ogun ìjọba lòun fúnra rẹ̀. Ó wọ 9th Foot ní 1878, nítorí náà iṣẹ́ ológun rẹ̀ wà nínú Army List àti ní Kew. Ẹnì kan, ilé ìpamọ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá sì wá 9th lẹ́yìn 1881, ẹ kò ní í rí i, torí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́ lọ́dún náà, ó di Norfolk Regiment. 57th ti Ọmọlará náà para pọ̀ mọ́ 77th lọ́dún yẹn, wọ́n di Middlesex Regiment.

Olówógbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn sí òpó yìí, torí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Sàró náà. Àwọn kan rò pé òyìnbó nìkan ló ṣe ọ́fíísà nígbà yẹn. William Broughton Davies, tí wọ́n bí ní Sierra Leone fún òbí Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, gba oyè ọ́fíísà dókítà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ní 1859, pa pọ̀ pẹ̀lú James Africanus Horton, tí òbí tirẹ̀ jẹ́ Igbo. King's College ní London ni àwọn méjèèjì ti kọ́ ìṣègùn, War Office ló sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ibà ń pa dókítà òyìnbó lọ́tùn-ún lósì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìbéèrè mi ni pé, bí ẹnì kan bá ń wá irú wọn nínú Army List, rẹ́jímẹ́ǹtì wo ló máa ṣí? Mo ti wo gbogbo West India Regiment, n kò rí Davies.

BàbáAtọ́ka

Ìbéèrè gidi nìyí. Má ṣí rẹ́jímẹ́ǹtì kankan. Kí 1873 tó dé, dókítà ológun jẹ́ oríṣi méjì. Àwọn kan jẹ́ ti rẹ́jímẹ́ǹtì, orúkọ wọn wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé rẹ́jímẹ́ǹtì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paymaster àti Quartermaster. Àwọn yòókù jẹ́ Staff, wọn kò so mọ́ rẹ́jímẹ́ǹtì, ibi tí wọ́n bá rán wọn ni wọ́n ń lọ. Staff Assistant Surgeon ni Davies àti Horton. Medical Department ni kó o ṣí, ọ̀dọ̀ ẹ̀yìn ìwé, kó o wo Staff Assistant Surgeons, ní ti ọjọ́ oyè wọn. Lẹ́yìn 1873 wọ́n kó gbogbo dókítà sí ẹ̀ka kan náà, wíwá wọn wá rọrùn. Ilé ìkàwé ìtàn ìṣègùn Wellcome sì tẹ ìwé orúkọ gbogbo dókítà ológun láti 1660 dé 1960 jáde ní 1968; ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ oyè àti ogun tó lọ.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwa ará Èkó mọ̀ dáadáa. Lagos Constabulary, àwọn Hausa tí wọ́n wà lára àwọn tó bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmagbọn ní 1892, kì í ṣe ọmọ ogun War Office. Colonial Office ló ni wọ́n. Àwọn ọ́fíísà wọn, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ wọn àti ẹ̀sùn wọn, CO 147 ló wà, ìyẹn lẹ́tà láàárín Gómìnà Èkó àti London. Mẹ́dàlì ogun Ìjẹ̀bú ni East and West Africa Medal tí ọ̀pá “1892” wà lára rẹ̀.

Ọmọlará

Bàbá, mẹ́dàlì tí ẹ mẹ́nu bà rán mi létí tèmi. Kò sí orúkọ lára tiwa. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé tirẹ̀ ni? 57th sì lọ New Zealand láti 1861. Ṣé kò yẹ kó ní mẹ́dàlì yẹn náà?

ÌdíÌwé

Mẹ́dàlì Crimea jáde láìsí orúkọ lára ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ló dá a padà kí wọ́n fín orúkọ sí i, àwọn mìíràn gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ fàdákà fúnra wọn. Àìsí orúkọ kò fi hàn pé kì í ṣe tirẹ̀, kò sì fi hàn pé tirẹ̀ ni. Ẹ wo WO 100, ìwé orúkọ àwọn tó gba mẹ́dàlì, abẹ́ 57th. Bí wọ́n bá kọ Inkermann àti Sebastopol nìkan sí iwájú orúkọ rẹ̀, ó bára mu. Bí wọ́n bá kọ mẹ́ta, ọ̀pá kan ti sọnù. Bí wọ́n bá kọ ọ̀kan, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí èkejì ti wá.

New Zealand gba sùúrù. 1869 ni wọ́n tó dá mẹ́dàlì yẹn sílẹ̀, bàbá yín sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àní kí ẹ tó béèrè mẹ́dàlì, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó débẹ̀. Nígbà tí rẹ́jímẹ́ǹtì bá lọ sókè òkun, wọn kì í kó gbogbo ara wọn lọ; àwọn kan ń ṣẹ́kù sílé ní dẹ́pò láti máa gba ọmọ ogun tuntun, kí wọ́n sì máa kọ́ wọn. Captain lè lo ọdún mẹ́ta ní dẹ́pò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìdílé máa sọ fún ọmọ pé ó bá àwọn Maori, onílẹ̀ New Zealand, jà.

WO 12 ló máa yanjú èyí. Ìwé ìkaye àti owó oṣù ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn ọ́fíísà wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ṣọ́jà. Iwájú orúkọ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí iye ọjọ́ tó gba owó fún, àti ibi tó wà bí kò bá sí níbẹ̀: ìsinmi, àìsàn, dẹ́pò. Dẹ́pò ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ wo méjèèjì fún 1861 dé 1866. Bí wọ́n bá sanwó fún un nínú ọ̀kan, kò yẹ kó tún gba owó nínú èkejì fún ọjọ́ kan náà.

Àbíkẹ́_M

Ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ kí n béèrè lórúkọ gbogbo wa: ṣé kì í ṣe ìkànìyàn, census, ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò? Ó rọrùn jù.

Dékúnlé_Kew

Ó rọrùn, ṣùgbọ́n èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ fún ọ́fíísà. Ẹni tó wà lókè òkun, bí i New Zealand, lálẹ́ ọjọ́ ìkànìyàn kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní “Captain” fún akànìyàn sì lè jẹ́ Captain nínú Militia, ìyẹn ọmọ ogun àgbègbè, tí Lord Lieutenant, aṣojú ọba ní àgbègbè náà, fi joyè títí dé 1871, tí kò sì kúrò ní ìlú rẹ̀ rí. Oyè Militia nìkan kò sọ ọ́ di ọ́fíísà rẹ́jímẹ́ǹtì ìjọba. Census dára fún ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì: 1871 àti 1881 lè sọ “late Captain 57th” àti ibi tí wọ́n bí i. Ibi ìbí yẹn lẹ ó fi dán lẹ́tà WO 31 wò.

Ní ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí fún un nínú iṣẹ́, General Register Office ní ìwé ìbí ti rẹ́jímẹ́ǹtì láti 1761, àti ti àwọn àlùfáà ológun láti 1796 dé 1880. Atọ́ka wọn yàtọ̀ sí atọ́ka ìbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé ọmọ kan kò ní ìwé ìbí.

Ọmọlará

Mo ti béèrè fún ìdì WO 31 ti oṣù Kẹta 1852, WO 12 ti 57th láti 1861 dé 1866, àti WO 100. Mo fẹ́ fi ìdì ti oṣù Kọkànlá 1854 kún un.

BàbáAtọ́ka

Fi ti 1854 sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Oyè tó ti ọwọ́ ikú wá kò gba lẹ́tà gígùn, orúkọ nínú àkójọ tí ọ̀gá rẹ́jímẹ́ǹtì fi ránṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oṣù Kejì 1852 ni kó o béèrè dípò rẹ̀. Bí Gazette bá kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹta, lẹ́tà bàbá rẹ̀ ti lè dé ọ̀dọ̀ olórí àwọn ọmọ ogun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, akọ̀wé sì lè ti dì í mọ́ ti oṣù yẹn. Tún béèrè fún ìdì oṣù tó ta oyè rẹ̀ ní 1866. Lẹ́tà tó fi tọrọ àyè láti tà á wà níbẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì máa jẹ́.